Ta ló ni orin Loreena McKennitt? Àlàyé lórí olórin tó dá dúró ní Kánádà

Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn síídì tí Loreena McKennitt gbé jáde ní 1991 yóò rí orúkọ Warner níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde tó tóbi jù lágbàáyé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, olórin tó dá dúró ni wọ́n máa ń pe obìnrin ọmọ Kánádà yìí, ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì? Ṣé èèyàn lè bá Warner tọwọ́ bọ̀wé kó tún ní òun ò ní ọ̀gá?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ wa lójú ni pé a ti gbà pé olórin tó dá dúró ni ẹni tí kò tíì rí já jẹ, tó ń fi fóònù gba orin sílẹ̀ nínú yàrá, tó ń retí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan yóò pè é. McKennitt ti ta àwo tó lé ní mílíọ̀nù 14 káàkiri ayé. Òṣì ò bá a tan rárá. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ olórin tó dá dúró yàtọ̀ sí ìyẹn: ta ló ni máásítà, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ ní sitúdíò?

Morden, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Manitoba, ni wọ́n bí i sí ní 1957. Winnipeg ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń kọ orin ìbílẹ̀ Ireland àti Scotland rìn. Nígbà tó di 1981, ó kó lọ sí Stratford ní Ontario, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún eré Shakespeare lọ́dọọdún, ó ń ṣeré lórí ìtàgé níbẹ̀, ó sì ń ṣe orin sí eré. Lẹ́yìn náà ló ka ìwé kan tó ń kọ́ olórin bí yóò ṣe ṣe àwo fúnra rẹ̀, kó sì tà á láìwá ojúure ilé-iṣẹ́ kankan. Ó ṣe bí ìwé náà ṣe wí. Ní 1985 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Quinlan Road, ó wọ sitúdíò kan tó wà nínú abà ní Elora fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì jáde pẹ̀lú àwo àkọ́kọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ń retí rẹ̀. Ọjà St. Lawrence ní Toronto ló gbé háàpù lọ. Ó jókòó sáàárín èrò, ó ń fi ìka ta okùn háàpù náà, ó ń kọrin, àwọn tó wá ra ẹran àti ẹ̀fọ́ ń dúró gbọ́, kásẹ́ẹ̀tì sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Ó tún ń gba àdírẹ́sì àwọn èèyàn sílẹ̀. Nígbà tí àwo tuntun bá jáde, tàbí tó bá fẹ́ ṣeré nítòsí ibi tí oníbàárà ń gbé, lẹ́tà á dé bá a nílé. Tí ẹ bá bi mí, ìwé àdírẹ́sì yẹn ló gba ọgbọ́n jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé rẹ̀. Olórin tó mọ ilé àwọn tó ń ra orin rẹ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni mú un lọ bá wọn.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ Warner, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Orin kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́ lórí rédíò, ohun-ìní méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ohùn àti ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan jókòó ṣe, tí ẹlòmíì sì lè kọ lọ́la lọ́nà tirẹ̀. Èkejì ni ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí olórin wọ sitúdíò. Ìyẹn ni máásítà. Ẹni tó ni orin lè má ni máásítà, ẹni tó ni máásítà sì lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà kan nínú orin.

Àwọn àwo McKennitt gan-an ló jẹ́ kí èyí hàn kedere. Orin ìbílẹ̀ ló pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, orin àtayébáyé tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ṣe é, tí gbogbo ayé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ. Ó tún máa ń mú ewì àwọn tó ti kú tipẹ́, Blake, Tennyson, Shakespeare, kó fi ohùn sí i. Kò lè sọ pé òun ló ni ọ̀rọ̀ Tennyson. Ohùn tó fi sí i, tirẹ̀ ni. Máásítà rẹ̀ náà, tirẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Bí ẹlòmíì bá dìde lónìí tó kọ orin ìbílẹ̀ kan náà, kò ní san kọ́bọ̀ fún McKennitt. Ṣùgbọ́n bó bá gé ohùn McKennitt láti inú àwo, tó fi sínú fíìmù láìtọrọ, ilé ẹjọ́ ló ń wá lọ yẹn.

Ní báyìí, ẹ wo irú àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń bá ọ̀dọ́ olórin ṣe. Ilé-iṣẹ́ á san owó sitúdíò, wọ́n á fún olórin ní owó ìṣáájú, inú rẹ̀ á dùn, wọ́n á ya fọ́tò. Máásítà ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Owó tí wọ́n ná yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bùn, nítorí inú ìpín olórin ni wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìpín tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ń mú èyí tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Apá ibẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí olórin bá san gbèsè náà tán pátápátá, máásítà ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Òun ló san owó ohun tí kò ní í jẹ́ tirẹ̀. Ibi tí Taylor Swift bá ara rẹ̀ nìyẹn ní 2019, nígbà tí wọ́n ta ilé-iṣẹ́ tó ni máásítà àwo rẹ̀ 6 àkọ́kọ́ fún ẹlòmíì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó wá ra máásítà wọn padà ní 2025.

Àdéhùn McKennitt pẹ̀lú Warner ò jọ ìyẹn. Òun ló san owó ìgbàsílẹ̀, òun ló yan orin àti àwọn tó bá a lu ohun èlò. Nígbà tí àwo parí ló wá fún Warner láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì polówó rẹ̀, fún iye àkókò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni. Warner ń gbé inú ilé, wọ́n ń san owó ilé, ó sì wù wọ́n kí ilé náà lóókọ. Ìwé ilé ò kúrò lọ́wọ́ onílé. Ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe fún àwo tó ṣe ní 2006 láti gba ọ̀dọ̀ Verve, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde mìíràn tó wà lábẹ́ Universal, jáde ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè wá àmì kékeré kan lẹ́yìn àwo, lẹ́tà P tó wà nínú róbótó. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú C tó wà nínú róbótó, ṣùgbọ́n P yẹn ló ń sọ ẹni tó ni ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Lórí àwọn àwo McKennitt, Quinlan Road ló tẹ̀lé e. Àmì yìí wà lórí Spotify náà, nísàlẹ̀ ojú ewé àwo, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Kí ló dé tí Warner fi gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Torí pé McKennitt ò wá tọrọ ni. Ó ti gbé àwo 3 jáde kó tó bá wọn pàdé, ní 1985, 1987 àti 1989. Ó ti ń tà wọ́n fúnra rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì wà nínú ìwé rẹ̀. Olórin tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ kò lè bá wọn jókòó sórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn rẹ̀ tàn yín. Ewu ibẹ̀ náà ò kéré. Àwọn àwo rẹ̀ ti 1994 àti 1997, sitúdíò Real World ti Peter Gabriel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ lò, pẹ̀lú àwọn olórin tó pọ̀. Bí wọn ò bá tà, kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò bá a gbé àdánù.

Wọ́n tà. Wọ́n ṣe àtúnṣe ìlù sí orin kan nínú ti 1997, àwọn rédíò Amẹ́ríkà gbé e, ó sì gòkè dé ipò 18 nínú àtẹ Billboard ní 1998. Oṣù keje ọdún yẹn gan-an ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, arákùnrin àfẹ́sọ́nà náà àti ọ̀rẹ́ wọn kan kú sómi ní Georgian Bay. McKennitt dá owó ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ fún ààbò lórí omi àti wíwá àwọn tó bá rì, ó sì ya èrè àwo eré ojúkorojú kan sọ́tọ̀ fún un. Kò gbé àwo tuntun láti sitúdíò jáde mọ́ títí di 2006. Olórin tó bá jẹ ilé-iṣẹ́ ní àwo nínú ìwé àdéhùn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́, pàápàá lẹ́yìn ìgbà tí orin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ délé dóko. Ọ̀gá tí ì bá béèrè àwo lọ́wọ́ rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀.

Orin inú rédíò yẹn tún gbé wa dé ibi tí owó ti ń wọlé. Ní Kánádà, owó orin àti owó máásítà ò gba ojú ọ̀nà kan náà. Àjọ SOCAN ló ń gba owó orin, òun ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 nígbà tí àjọ méjì da pọ̀. Rédíò, ilé oúnjẹ, gbọ̀ngàn eré, gbogbo wọn ló ń san tiwọn. Níbi eré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé ni ti SOCAN. Olórin tó kọ orin tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà á to orúkọ àwọn orin tó kọ, á fi ránṣẹ́ sí àjọ náà, ìpín rẹ̀ á sì padà bá a. Ẹni tí kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, owó ò ní í wá a dé ẹnu ọ̀nà.

Ti máásítà, àjọ tó ń jẹ́ Re:Sound ló ń gbà á. Òfin 1997 ló fún wọn láṣẹ. Kó tó dìgbà náà, rédíò Kánádà kì í san ohunkóhun fún ẹni tó kọrin tàbí ẹni tó ni máásítà. Ní báyìí, wọ́n ń dá a sí méjì: ìlàjì fún àwọn tó kọrin tí wọ́n sì lu ohun èlò, ìlàjì fún ẹni tó ni máásítà. Ẹ ò rí i pé olórin bíi McKennitt ń gba ọwọ́ méjèèjì ni. Síbẹ̀ wọ́n fi ihò kan sílẹ̀ nínú òfin náà: lórí mílíọ̀nù 1.25 dọ́là àkọ́kọ́ tí rédíò bá pa nídìí ìpolówó, 100 dọ́là péré ló ń san fún máásítà lọ́dún. Àwọn olórin ti ń pariwo lé e lórí tipẹ́. Amẹ́ríkà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí rédíò orí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í san nǹkan kan fún máásítà títí dòní. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé orin 1998 yẹn sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, owó orin nìkan ló ń wọlé.

Ìjọba Kánádà náà dá sí ọ̀rọ̀ orin, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòroó rí. Ilẹ̀ wọn gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ fún iye èèyàn tó wà níbẹ̀. Láti Toronto dé Winnipeg nìkan, lójú ọ̀nà mọ́tò, ju 2,000 kìlómítà lọ. Amẹ́ríkà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí orin rẹ̀ ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Ní 1971, àjọ CRTC tó ń bójú tó rédíò pàṣẹ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún orin tí rédíò bá ń gbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Kánádà. Ó ti di ìdá 35 láti 1999. Ẹ̀bùn Juno tí àwọn olórin wọn ń gbà lọ́dọọdún, orúkọ Pierre Juneau tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà nígbà náà ni wọ́n fi sọ ọ́. McKennitt ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ orin tó jẹ́ ti Kánádà? Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ẹni tó ṣe ohùn rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu, ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí méjì nínú rẹ̀ bá jẹ́ ti Kánádà, ó yege. Ó dùn ún gbọ́ létí, àfi ìgbà tó kan Bryan Adams ní 1991. Ọmọ Kánádà ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun àti Mutt Lange, tí kì í ṣe ọmọ Kánádà, ló jọ ṣe orin inú àwo rẹ̀ ọdún yẹn, wọn ò sì gbà á sílẹ̀ lọ́nà tó máa fún un ní máàkì tó kù. Àjọ náà ní orin rẹ̀ kì í ṣe ti Kánádà. Ariwo gba ìlú kan, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 1993 kí ọmọ Kánádà tó bá ará òde ṣe orin lè gba máàkì tirẹ̀.

Mi ò rò pé òfin rédíò yìí ló sọ McKennitt di ẹni tó dà. Ewì Tennyson tó kọ nínú àwo 1991 lé ní ìṣẹ́jú 11, rédíò wo ló fẹ́ gbé ìyẹn láàárín ìpolówó méjì? Ẹni tí orin rẹ̀ bá ti jọ ti Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ ni òfin náà máa ń gbè jù. Ohun tó wúlò jù fún àwọn tó dá dúró ni FACTOR, àjọ tí àwọn rédíò àti ẹgbẹ́ agbórinjáde dá sílẹ̀ ní 1982, tó ń gba owó lọ́wọ́ rédíò àti ìjọba àpapọ̀. FACTOR á san apá kan owó ìgbàsílẹ̀ tàbí owó ìrìn-àjò eré, olórin á wá ìyókù. Wọn kì í gba máásítà. Ẹni tó bá ti ka àdéhùn ilé-iṣẹ́ ńlá rí mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Lóde òní, èèyàn kì í ra àwo bíi tàtijọ́. Spotify àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní iye kan pàtó tí wọ́n ń san fún ìgbọ́ kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí àwọn èèyàn máa tan iye kan kiri tó. Wọ́n á kó owó oṣù jọ, wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á pín ìyókù gẹ́gẹ́ bí ìgbọ́ orin kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó nínú gbogbo ìgbọ́. Láti 2024, orin tí kò bá ní ìgbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12 lórí Spotify ò ní rí owó máásítà gbà rárá. Ká sọ pé 100 dọ́là wá láti apá máásítà. Olórin tí ilé-iṣẹ́ ní kó máa mú ìdá 20 yóò mú 20 dọ́là, ìyẹn tí gbèsè rẹ̀ bá ti tán. Ẹni tó ni máásítà, tó kàn ń san ìdá 15 fún ẹni tó ń bá a gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò mú 85. Kí olórin adádúró tó rí 85 dọ́là yẹn, àfi kí ìgbọ́ pọ̀ jaburata, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìnira fún àwọn tí àwo 2,000 tí wọ́n bá tà tẹ́lẹ̀ ti ń tó san owó ilé.

Ní 2023 Kánádà ṣe òfin tó mú àwọn ilé-iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sábẹ́ CRTC. Ní 2024 àjọ náà ní kí àwọn tó ń pa mílíọ̀nù 25 dọ́là sókè lọ́dún ní Kánádà, tí wọn ò sì ní àjọṣe pẹ̀lú rédíò ibẹ̀, máa dá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún àwọn owó ìrànlọ́wọ́, FACTOR sì wà lára àwọn tó yẹ kó gbà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Toronto, Calgary àti Winnipeg tí wọ́n ń kọrin náà lè jẹ nínú rẹ̀. FACTOR ò béèrè pé kí èèyàn jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ìwé ìgbélùú pípẹ́ tó. Kí wọ́n fi orúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ SOCAN, kí wọ́n tún lọ fi máásítà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Re:Sound, torí ọ̀kan kì í bá èkejì ṣiṣẹ́. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ṣe orin kan, kí wọ́n kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, kí olùṣelù, ìyẹn ẹni tó ṣe ìlù orin náà, sì tọwọ́ bọ̀wé pé máásítà kì í ṣe tòun, tàbí pé apá báyìí nínú rẹ̀ ni tòun.